Ohun Pupa Tí Ara Mi Gbà

Òórùn irun àgbò tí iná ń jó ló gba gbogbo agboolé wa ní Ìgbó-Ọrà láàárọ̀ Iléyá tí mo kọ́kọ́ mu mínírà pupa. Bàbá mi ti Yídì dé, ó fi eyín ṣí ìgò méjì, ọ̀kan fún Táyé, ọ̀kan fún èmi Kẹ́hìndé. Mo gbé tèmi sókè sí oòrùn, ó pọ́n bí iná ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo fà á mu. Ó dùn, ó ta mí lẹ́nu, ó tún dùn. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ohun mímu ọdún ti wọ̀ mí lẹ́wù. Ọmọ ọdún méje ni wá, ní àwọn ọdún 1980.

Kí wọ́n tó la inú àgbò náà, ètè mi ti wú bí búrẹ́dì tí a rẹ sínú tíì. Ara mi lé wúlewùle bí ẹni tí èsìsì jó. Táyé arákùnrin mi mu ìgò tirẹ̀ tán, ó fi ìka nu ẹnu ìgò náà lá, kò sí ohun tó ṣe é.

Bàbá mi ní òwe kan tó fẹ́ràn: "Ohun tó bá wu ọmọ í jẹ, kì í run ọmọ nínú." Ó ní ẹran ni mo jẹ jù. Mo sọ fún un pé wọn ò tíì gbé ẹran kaná.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló gba ẹjọ́ náà dá. Ní ìlú wa, agboolé tí kò ní ìbejì kò wọ́pọ̀, gbogbo èèyàn ló sì mọ òfin wọn: ohun tí a bá fún ọ̀kan, a gbọ́dọ̀ fún èkejì. Èmi Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n; Táyé ni mo rán ṣáájú kó wá tọ́ ayé wò fún mi. Nítorí náà, nígbà tí Iléyá mìíràn dé, Ìyá Àgbà ní kí Táyé kọ́kọ́ tọ́ mínírà náà wò. Gbogbo wa jókòó, a ń wo ètè rẹ̀ bí ẹni tó ń wá oṣù ààwẹ̀ lójú ọ̀run. Kò wú. "Ó dáa," ni Ìyá Àgbà wí. "Kẹ́hìndé, máa mu tìrẹ."

Ojú mi méjèèjì ti dí kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán.

Ìyá Àgbà wá yí òfin náà padà sí òdìkejì. Ohun tí Kẹ́hìndé kò bá lè mu, Táyé náà ò gbọdọ̀ mu ún. Bí Táyé ṣe pàdánù ìgò tirẹ̀ nìyẹn. Bí ọdún bá dé, ife omi ni wọ́n ń gbé fún àwa méjèèjì, Ìyá Àgbà á sì ní, "Omi ò lọ́tàá." Àwọn ọmọ agboolé ń fi wá ṣẹ̀sín: "Ẹ̀yin olómi, ẹ kú ọdún o. Ṣé ẹ ti yó?"

"Mo tọ́ ọ wò fún ọ, mo ní ó dára," ni Táyé wí fún mi lẹ́yìn ilé. "Ara tìrẹ ló ń ṣe bí adájọ́."

"Má bínú."

"Inú ò bí mi. Òùngbẹ ló ń gbẹ mí." Ó ní bí òun bá tún fi omi ṣọdún lẹ́ẹ̀kan sí i, òun ò ní pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́ láéláé.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú mi. Ohun pupa nínú ìgò ni mo fẹ́, kí n sì mu ún lójú gbogbo wọn. Lẹ́yìn ọdún, èmi àti Táyé a máa ro ìṣẹ́kù ìgò inú kéréètì sínú ìdérí. Ìdérí kan ti pupa: ètè mi yún. Ti aláwọ̀ ọsàn: ó yún díẹ̀. Ti funfun: kò sí nǹkan kan. Àwọ̀ ni ọ̀tá mi, kì í ṣe adùn. Ṣùgbọ́n funfun kò jọ ọdún lójú mi. Ní ilé wa, ẹni tí inú bá ń run ni wọ́n ń ra funfun fún.

Ìyá mi ń ta ògì, ọkà bàbà kò sì wọ́n wa. Obìnrin Haúsá kan tó ń ta kúnú lẹ́nu ọ̀nà ọjà ló kọ́ mi: rẹ ọkà mọ́jú, lọ̀ ọ́, fi omi híhó po ìdajì rẹ̀, da ìdajì tó kù lé e ní tútù, kí o sẹ́ ẹ. Ó máa ń fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sí tirẹ̀, ètè mi sì tún yún. Mo yọ kànáfùrù, ó dín kù. Mo yọ atalẹ̀, ó tán. Mo fi omi àgbọn àti ṣúgà rọ́pò wọn.

Táyé tọ́ ọ wò. "Ó dùn. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi omi ògì ṣọdún?"

Wàrà ló yanjú ìyẹn. Obìnrin Fúlàní tó ń kiri rẹ̀ láti ọ̀nà Ìdèrè ní funfun, ó tún ní pupa. Mo bi í léèrè ohun tó kùn ún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ewé tó bo pòròpórò ọkà bàbà ni àwọn ń sè. Ohun tí à ń fi dáná lóko. Mo bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná, omi náà pupa fòò, mo sì fi po kúnú mi. Mo mu ìdérí kan lọ́jọ́ kìíní, méjì lọ́jọ́ kejì, títí ó fi di ife. Ara mi gbà á.

Nígbà tí Iléyá dé, mo rọ ọ́ sínú ìgò mínírà méjì. Mo gbé tèmi jáde sáàárín àlejò, mo gbé e sẹ́nu.

"Ta ló fún Kẹ́hìndé ní mínírà?" ni Ìyá Àgbà wí. "Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀." Bàbá mi dìde. Mo ti mu ún dé ìdajì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Àgbà, ẹ máa wò mí," ni mo wí. Mo mu ún tán, mo sì jókòó síwájú wọn.

Ìyá mi ti mú oògùn ara yíyún wá, ó dì í mọ́wọ́. Wọ́n ń wo ètè mi. Wọ́n gé ẹran, wọ́n sè é, ẹran jinná. Ètè mi ṣì wà bó ṣe wà. Ìyá Àgbà gba ìgò náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tọ́ ìṣẹ́kù wò.

"Ọkà bàbà lèyí," ni ó wí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Táyé ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ ò fún un ní tirẹ̀?"

Ìgò Táyé ti gbẹ lábẹ́ àga. "Ẹ̀gbọ́n mi ti fún mi, Ìyá Àgbà," ni ó wí, bí ẹni mímọ́.

Àwọn tó ń pè wá ní olómi wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ. Mo ní kí wọ́n lọ mu omi, omi ò lọ́tàá.

Mo ti dàgbà, mo ti ka gbogbo ohun tí mo rí kà nípa àwọ̀ tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, àti nípa èròjà inú atalẹ̀ àti kànáfùrù tí ara àwọn bíi tèmi kì í gbà. Mo máa ń ka lẹ́tà wínníwínní ara ìgò ní ṣọ́ọ̀bù títí ọlọ́jà á fi pòṣé. Mo ti tún òwe Bàbá mi ṣe fún àwọn ọmọ mi: ohun tó bá wu ọmọ í jẹ, kí ọmọ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ife omi fún mi lọ́jọ́ ọdún, tí wọ́n ṣe ojú àánú sí mi, ọmọ olómi tí mo jẹ́ nígbà yẹn ló máa ń dá wọn lóhùn.

Ní Iléyá tó kọjá, ife márùn-ún pupa fòò ni mo mu. Ara mi kò yún. Táyé mu mẹ́rin, ó ní òun ti yó. Mo bu ìkarùn-ún fún un.