Ife Pupa Tó Wà Lẹ́yìn Kíláàsì

Ní ọdún kẹrin mi nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, ó rẹ̀ mí débi pé mo ń sùn lóòró ní wọ́ọ̀dù. Síbẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ wa ní ká lọ kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní ẹ̀kọ́ ìlera ní abúlé kan lẹ́yìn Akanran, mo forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní a máa gba ìwé ẹ̀rí. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó bá gbọ́ ìwé ẹ̀rí á tẹ̀ lé e wọ odò.

A wọ kóòtù funfun nínú oòrùn tí àgbàdo pàápàá ń ká ewé rẹ̀ sí. Báńnà wa gùn ju ògiri iléèwé lọ. Ká tó so ó, ká tó ya fọ́tò tán, oorun ti ń kùn mí.

Kíláàsì karùn-ún ni wọ́n pín fún mi. Olùkọ́ wọn, obìnrin kan tó ti ń retí ìfẹ̀yìntì, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì nawọ́ sí ọmọbìnrin kan tó dá jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn.

"Wárápá ló ń ṣe é. Àwọn ọmọ yòókù ò jẹ́ jókòó tì í. Omi rẹ̀ dá wà, ife rẹ̀ dá wà. Ìyá rẹ̀ ní tó bá rí báyìí títí táàmù á fi parí, òun á mú un lọ sóko. Dókítà, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Tèmi ò wọ̀ wọ́n létí mọ́."

Mi ò tíì di dókítà, ṣùgbọ́n mi ò tún un ṣe. Ó dùn létí.

Mo ya ọpọlọ sójú pátákó. Gbogbo kíláàsì pariwo pé àsálà ni. Mo ṣàlàyé títí. Mo ní wárápá kì í ti ara itọ́ ran ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tún un sọ lẹ́yìn mi. Wọ́n sọ ọ́ bí orin. Inú mi dùn sí ara mi.

Ọ̀fun mi gbẹ, mo béèrè omi. Kí ẹnikẹ́ni tó mira, ọmọbìnrin orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn yẹn ti da omi láti inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sínú ife pupa rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

Gbogbo kíláàsì na ọrùn wò wá.

Omi odò ni, ó pọ́n díẹ̀. Nínú kíláàsì kejì, ẹnì kan lára wa ń kọ́ wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa se omi kí wọ́n tó mu ún. Ìdí gidi nìyẹn, mo sì lè sọ ọ́. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Mo ń gbààwẹ̀."

Olùkọ́ wò mí láti orí dé bàtà. "Ààwẹ̀ wo ni ti ọjọ́ Àlàrùba? Tiwa Mùsùlùmí, Àtìní àti Àlàmísì ni."

Ọmọbìnrin kan níwájú ní, "Ṣebí ẹ ń jẹ gúgúrú nígbà tẹ́ ẹ ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì."

"Ẹ̀rù itọ́ ló ń bà wọ́n!" ni òmíràn wí.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó kúnlẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ife ti ń padà sẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà á, mo mu ún tán. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá omi ni mo bẹ̀rù tàbí ife.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n kàn ń wò mí.

Olùkọ́ rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ń dúró kí wárápá gbé yín ṣubú."

Níta, bọ́ọ̀sì wa ti ń fun fèrè. Mo gbé báàgì mi.

"Bí ẹ bá lọ báyìí, wọ́n á ní ọ̀nà lẹ ṣubú sí," ni olùkọ́ wí.

Bọ́ọ̀sì lọ. Mo jókòó síwájú kíláàsì di àsìkò ìjáde, oorun ń bá mi jà. Gbogbo ìgbà tí orí mi bá yẹ̀, àwọn ọmọ á fò dìde: "Ó ti ń gbé wọn!" Nígbà tó yá, mo dìde dúró ti ògiri, mo ń já ara mi léèékánná.

Aago ìjáde dún. Mo ṣì wà lóòró.

"Wọn ò mà ṣubú o," ni ọmọbìnrin iwájú wí, bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ó rìn lọ sẹ́yìn, ó gbé ife pupa náà, ó yí i wò. Ó da omi díẹ̀ sí i, ó mu ún. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó di etí bẹ́ǹṣì náà mú gírígírí, ó ń dúró wò bóyá òun náà á ṣubú.