Alùpùpù Tí Kò Ní Kábúrétọ̀

Títí di òní, inú ń bí mi. Alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí mo fi ń lọ sóko rì sómi lọ́nà Ìbẹfun. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbà mẹkáníìkì kan n'Íjẹ̀bú-Òde. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ sítátà o. Ẹ kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì, kí omi tó wọ ẹ́ńjìnnì jáde, kí ó má baà ṣẹ́.” Kábúrétọ̀ tó fẹ́ tú ló ń wá kiri. Mo ní kò ní, ínjẹ́tọ̀ ló ń fún un lépo dípò rẹ̀. Ó ní ọjà tí kò pé ni wọ́n tà fún mi. Ohun tí kò rí rí ló ń pè bẹ́ẹ̀! Kí n tó yanu, ó ti tẹ sítátà. Nǹkan ṣẹ́ gbàà nínú ẹ́ńjìnnì. Bàbá nuwọ́, ó káàánú mi: “Ṣé o rí i? Mo ní kò pé.”