Orin tí Bàbá Mi Fi Ìka Kà

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń jí wa láàárọ̀ Sátidé nílé wa ní Àgbowó. Lọ́jọ́ náà ni bàbá mi máa ń kó aṣọ kúáyà jáde nínú àpótí, tí wọ́n á sá a sórí okùn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi máńgòrò, kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i kí ọjọ́ ìsinmi tó dé. Àwọn ni olùdarí kúáyà ìjọ Onítẹ̀bọmi wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, wọn kò sì gbà pé orin kan wà láyé tí kò ṣeé kọ ní sọ́fà. Kí n tó mọ ABD parí ni mo ti ń ka dò-rè-mí. Ọ̀rọ̀ wọn kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu wọn: "Ohun tí o kò bá lè fi ìka kà, o kò tíì gbọ́ ọ."

Bọ̀ọ̀dá Kúnlé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó háyà yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ wa, ló fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì orin kan nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá. "Ẹ̀rù á bà ọ́ o, ọmọ kúáyà," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Death metal ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀: gìtá ń dún bí òjò ńlá lórí páànù, olórin ń bú ramúramù. Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́rin, mo rí i pé ìlù ibẹ̀ kì í rìn ní mẹ́rin-mẹ́rin bíi tiwa. Á ka méje, á ka márùn-ún, á tún padà sí méje, gìtá méjì á sì máa lé ara wọn bíi sòpúránò àti tẹ́nọ̀. Lójijì, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́, gìtá kan á máa dún jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nílé ọ̀fọ̀, kí ariwo tó tún ya dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní sọ́fà sẹ́yìn ìwé ìṣirò mi.

Sátidé kan, bàbá mi wọlé bá mi níbi tí mo ti ń gbọ́ ọ lórí rédíò ìyá mi. Wọ́n dúró, wọ́n tẹ́tí. "Bátìrì yìí ti ń kú," ni wọ́n wí. Ta ni kò mọ̀ pé bí bátìrì bá ti rẹ̀, ohùn olórin á wúwo, á máa wọ́lẹ̀? Wọ́n lọ mú bátìrì tuntun mẹ́rin wá, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kì wọ́n bọ ẹ̀yìn rédíò, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ohùn náà bú jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyá mi kígbe ẹ̀rín láti ibi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ: "Bàbá Délé, bátìrì ti jẹun yó nìyẹn o!"

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ènìyàn ló mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe báyìí? Yọ ọ́. Iná tó ń jó pàǹtí lẹ́yìnkùlé yẹn, òun ni kó o sọ ọ́ sí."

Títí dọjọ́ yẹn, n kò tíì já bàbá mi nírọ́, n kò sì tíì bá wọn jiyàn rí. Mo na ìwé mi sí wọn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka kà á. Bí kò bá ṣeé kà, èmi fúnra mi ni n ó jù ú síná."

Mo yí ohùn rédíò sókè. Wọ́n jókòó sórí ibùsùn mi, wọ́n na ìka. Ní ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ṣìnà. "Dá a padà." Mo dá a padà. Nígbà kẹta, ìka wọn bá a dọ́gba, méje gérégé. Bó ṣe di márùn-ún, wọ́n gbójú sókè wò mí. Wọ́n gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi, wọ́n pa ohùn kan rẹ́ nínú ìwé náà. "Fà nìyí, kì í ṣe mí."

Nígbà tí ojú kìíní parí, wọ́n ní, "Ohùn rẹ̀ kò wù mí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é jókòó tì í. Yí i sí ojú kejì."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn oníbáàsì ń fà sẹ́yìn níbi ìdánrawò kúáyà, bàbá mi lu tábìlì: "Mẹ́rin péré lẹ kò lè kà? Ọmọ mi tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn ń ka méje!" Gbogbo ojú yí sí mi. N kò tíì ga tó bẹ́ẹ̀ rí.

Irun mi ti ń funfun báyìí, ilé mi ní Bódìjà sì dákẹ́. Lọ́dún tó kọjá ni Àdùkẹ́, ìyàwó mi, kú. Nígbà ayé rẹ̀, bó bá gbọ́ orin mi láti ilé ìdáná, á ní, "Bàbá Tọ́lá, kí lẹ tiẹ̀ ń gbọ́ nínú ariwo yìí?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín, n ó sì yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé ìkẹ́ ni. Àdùkẹ́ kò sọ rí pé kí n yí i sílẹ̀. Ìbéèrè ló bi mí, láti ìgbà tí a ti fẹ́ra títí tó fi lọ, n kò sì dá a lóhùn.

Ọmọ ọdún méjìlá tó na ìwé rẹ̀ sí bàbá rẹ̀ ní Àgbowó kò yí tirẹ̀ sílẹ̀. Mo ti kàwé jù ú lọ, mo ti rìn jìnnà jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n fi ẹnì kan yangàn nínú àwa méjèèjì, òun ni.