Ọwọ́ Tí Kò Mọ Iná

Ìparí àwọn ọdún 1960 ni, mo wà ní kíláàsì kẹta n'Ígbó-Ọrà, nígbà tí àwọn elétò ìlera tó ń wá ẹ̀tẹ̀ kiri dé sílé ìwé wa. Wọ́n ní kí gbogbo wa bọ́ ẹ̀wù kí wọ́n lè yẹ ara wa wò nínú oòrùn. Nígbà tó kàn mí, ọkùnrin kan nínú wọn rí ibì kan tó funfun díẹ̀ lẹ́yìn apá mi. Làpálàpá là ń pè é nílé. Ewé àsúnwọ̀n ni ìyá mi fi ń pa á. Ọkùnrin náà mú òwú díẹ̀, ó ní kí n dijú, kí n sọ̀rọ̀ bí òwú náà bá ti kàn mí níbẹ̀. Mo dúró, mo ń retí òwú. Ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ mi ni mo gbọ́. Òwú ti kàn mí tipẹ́.

Kí n tó délé, "ọmọ adẹ́tẹ̀" ti di orúkọ mi. Ojú tì mí débi pé ẹ̀yìnkùlé ni mo gbà wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà wá bá bàbá mi. Ó ṣàlàyé pé ẹ̀tẹ̀ kì í dédé mú ọmọdé, pé ara àgbà tí wọ́n jọ ń gbé, tí kò tíì lo oògùn, ló ti sábà máa ń ràn án. Bí wọ́n bá rí ọmọ kan, àgbà inú ilé ni wọ́n ń wá.

Inú bí bàbá mi. "Ẹ wá a lọ síbòmíràn. Kò sí irú ẹ̀ nílé yìí."

Ìyá bàbá mi ń yan gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Orí ẹní rẹ̀ ni mo ti ń sùn látìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú. Ẹyin iná kan já bọ́ nínú ààrò rẹ̀. Ó fi ìka lásán mú un, kò kánjú, ó dá a padà. Àwọn ará àdúgbò gbà pé ó ní oògùn tí iná kò fi ń jó o, àwa ọmọ ilé a sì máa fi yangàn. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo wo ojú àlejò bóyá ó rí i, kó lè mọ̀ pé ilé wa kì í ṣe ilé lásán. Bí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn, ó máa ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ó rí i. Ó lóṣòó níwájú rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ọwọ́ yín."

Àwọn ìka náà ti ń ká kò. Iṣẹ́ la rò pé ó ká wọn. Ìyá àgbà kò béèrè bóyá òun máa kú. Ó ní, "Ṣé èmi ni mo kó o ran ọmọ yìí?"

"Ẹ ò mọ̀ ni, Màmá. Oògùn wà fún ẹ̀yin méjèèjì."

A jọ lò ó. Ara mi jọ̀lọ̀ padà. Ọkùnrin náà wá sọ fún gbogbo ilé pé àrùn Ìyá àgbà kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ra gàrí rẹ̀ mọ́, òun náà kò sì jẹ́ kí n sún mọ́ ẹní rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló ń bẹ bàbá mi: kí wọ́n má gbé òun lọ sin sínú igbó bí wọ́n ti ń ṣe fún adẹ́tẹ̀. Inú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ló fẹ́. Bàbá mi ní kó fọkàn balẹ̀.

Nígbà tó kú, àwọn àgbà ilé kọ̀ jálẹ̀. Bàbá mi kò jà rárá. Wọ́n gbé e kọjú sí igbó. Mo ti di wúńdíá nígbà náà. Mo sáré bá bàbá mi lójú ọ̀nà.

"Bàbá, èmi náà ńkọ́? Níbo lẹ máa sin mí sí?"

Ó wẹ̀yìn wò. Ó ní kí n rẹ ohùn mi sílẹ̀, kí ará ìta má baà gbọ́.