Ẹ̀ẹ̀kejì tí Wọ́n So Yìgì Wa

Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá mi fà mí lé ọkùnrin kan náà lọ́wọ́. Ti àkọ́kọ́, inú rẹ̀ dùn. Ti ẹ̀ẹ̀kejì ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, nítorí n kò lè fi ẹnu sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

N kò mọ ọ̀rọ̀ sọ láàárín èèyàn. Nílé wa ní Sawaba, àdúgbò kan ní Kumasi nílẹ̀ Ghana, bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń wà títí yóò fi lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí wọ́n tó fi mí sẹ́nu iṣẹ́ aránṣọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá mi ti wá tajà sí Kumasi. Bàbá mi kò sì gbé ibòmíràn rí.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí wọ́n fi mí fún ọkùnrin kan tó ń ta táyà ní Fante New Town. Ọdún méjì ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀. A kò jà, a kò sì bímọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí pálọ̀ bàbá mi. Àfáà àdúgbò wa jókòó, àwọn àgbà mẹ́ta jókòó, ó sì sọ pé òun kọ̀ mí sílẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́. Àfáà ṣe àdúà, wọ́n mu omi, ó tán. Kò sí ẹni tó mú bírò. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ tí àgbà mẹ́ta bá gbọ́ nínú pálọ̀, ta ni yóò tún máa kọ ọ́ sílẹ̀? Mo jókòó oṣù mẹ́ta tí ẹ̀sìn là sílẹ̀, mo sì tún di ọmọ ilé bàbá mi. Ọkùnrin náà kó lọ sí Niamey. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ọdún kejì rẹ̀ ni ọkọ mi wá. Kumasi ni wọ́n bí òun náà sí, ṣùgbọ́n ìlú òyìnbó ló ń gbé, níbi tó ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó mọ̀ pé mo ti lọ́kọ rí. Ó ní, "Ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀ yìí, kí ló wá tú ẹ̀yin méjèèjì ká?" Mo rẹ́rìn-ín, bàbá mi sì gbọ́ ẹ̀rín mi láti ìta. Wọ́n so yìgì wa nínú pálọ̀ yẹn kan náà. Ó lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì mọ̀ pé òun ti fi oyún sílẹ̀. Ọmọ wa obìnrin ti ń sáré kiri ilé kí ó tó rí ààyè bẹ̀rẹ̀ ìwé físà tí yóò fi mú wa lọ.

Nínú ìwé náà, wọ́n bèèrè bóyá mo ti lọ́kọ rí. Ọkọ mi ní kí n sọ òtítọ́, mo sọ ọ́. Wọ́n wá ní kí n mú ẹ̀rí wá pé n kì í ṣe ìyàwó ẹni yẹn mọ́.

Bàbá mi mú mi lọ bá àfáà. Àgbàlagbà ni, olóòótọ́ sì ni. Ó ní, "Ojú mi ló ṣe, ọwọ́ mi ni yóò kọ ọ́." Ó kọ ọ́, a gbé e lọ sí Adum láàárín ìlú, ọkùnrin kan bá wa tẹ̀ ẹ́ ní èdè òyìnbó, àfáà sì fi òǹtẹ̀ mọ́sálásí lù ú. Ọjọ́ tí a kọ ìwé ló kọ sórí rẹ̀. Ó ní òun kò ní kọ ọjọ́ àtijọ́ sórí ìwé òní, irọ́ ni, òun yóò jíyìn rẹ̀ lọ́run. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rántí pé ó yẹ kí ọjọ́ tí wọ́n kọ̀ mí sílẹ̀ gan-an wà nínú rẹ̀. Òǹtẹ̀ aláwọ̀ ewé náà là ń wò. Ó dára lójú wa.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni èsì dé. Ọkọ mi ló kà á fún mi lórí fóònù. Wọ́n ní, bí ìwé wa ṣe wí, ọmọ wa ti pé ọdún méjì kí ọkọ àkọ́kọ́ tó kọ̀ mí. Ìyàwó oníyàwó ni mí, nígbà náà, lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì wa, àwọn kò sì lè kà á sí ìgbéyàwó. Àti pé ìwé kọ́ọ̀tù ni àwọn fẹ́, kì í ṣe ti mọ́sálásí.

"Ìyàwó ta ni wọ́n wá pè mí?"

"Ìyàwó oní-táyà."

Ó fẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín nínú wa.

Lọ́yà tí a rí ní Adum, obìnrin ni, kò sì jù mí lọ púpọ̀. Ó ní bí a bá rí oní-táyà, kí ó wá sọ ọjọ́ náà ní kọ́ọ̀tù, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. A fi iṣẹ́ rán àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí Niamey. Wọn kò rí i. Lọ́yà ní, ó dáa, kí kọ́ọ̀tù tú ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ká báyìí, kí a sì so yìgì tuntun lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọjọ́ tuntun, ìwé tuntun," ló wí. "Kò le rárá."

Nígbà tí a délé, bàbá mi kò bọ́ fìlà rẹ̀.

"Bí a bá so òmíràn, èyí tí mo so ńkọ́?"

Mo tún ọ̀já ọmọ tó wà lẹ́yìn mi so.

"Mo ní èyí tí mo so ńkọ́? Ṣé eré ọmọdé la ṣe níbí? Ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn rẹ yẹn, àbí ọjà lo ti rà á?"

Ìyá mi ní, "Bàbá wọn, ìwé òyìnbó lásán ni. Ọlọ́run mọ òótọ́."

"Ọlọ́run mọ̀. Sawaba ńkọ́?"

Oṣù mẹ́fà ló fi kọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi. Ọmọ tó bá wáyé kí wọ́n tó so yìgì òbí rẹ̀, láàárín wa, orúkọ ìyá ni wọ́n fi ń pè é, wọn kì í dárúkọ bàbá. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti ń rò pé inú fóònù ni bàbá òun ń gbé. Ọkọ mi sì sọ lọ́jọ́ kan pé, "Ó ti sú mi. N kò mọ ohun tí a jẹ́ sí ara wa mọ́." Kò bínú sọ ọ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Mo lọ bá bàbá mi ní ìsọ̀ rẹ̀, níbi tó ti ń ta ẹní ìkírun.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ lọ bá ọkọ mi."

Ó ká ẹní kan, ó tún ká òmíràn.

"Mo gbọ́."

Nígbà tí kọ́ọ̀tù ti ṣe tirẹ̀, wọ́n dá ọjọ́ yìgì. A kò dáná, a kò pe èèyàn. Síbẹ̀, bí mo ṣe ń pọn omi lọ́jọ́ náà, aládùúgbò wa kan ti kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ìyàwó ní Twi: "Ayeforɔ! Ìyàwó tuntun tòun tọmọ lẹ́yìn. Ìwọ kúkú yára ju ọkọ lọ." Àwọn tó kù nídìí ẹ̀rọ omi rẹ́rìn-ín. Mo gbé omi mi.

Àfáà yẹn náà ló wá. Kò lè wò mí lójú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó dípò rẹ̀, ọkọ mi fúnra rẹ̀ sì wà lórí fóònù tí wọ́n gbé sórí tábìlì. Ọmọ mi wà lórí itan bàbá mi, ó ń fi tẹ̀súbáà rẹ̀ ṣeré. Àfáà bèèrè ohun tó gbọ́dọ̀ bèèrè: ǹjẹ́ ọmọbìnrin yìí wà nílé ọkùnrin kankan?

Bàbá mi wo ẹní tó jókòó lé.

"Kò sí nílé ọkùnrin kankan."

Ọkọ mi wú ikọ́ nínú fóònù. Ọmọ náà gbọ́ ọ, ó na ọwọ́ sí tábìlì. "Dádì mi nìyẹn," ló wí. Àfáà bẹ̀rẹ̀ àdúà.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé físà ẹ̀ẹ̀kejì. Mo kọ ọjọ́ ìgbéyàwó. Mo kọ ọjọ́ tí mo bí ọmọ. Ti ọmọ ló ṣáájú, ó sì jẹ́ pé ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀.

Wọ́n ti fún wa ní físà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó lọ. Bàbá mi kò tíì bá mi sọ ju ìkíni lọ láti ọjọ́ yìgì, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí físà ti dé, ó ń gbé ọmọ náà lọ sí mọ́sálásí ní ìrọ̀lẹ́. Kì í gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tó yá. Ọ̀nà ìdí ẹ̀rọ ló ń gbà. Ìyá mi ní bí ẹnikẹ́ni bá ti kí i níbẹ̀, yóò dúró, yóò gbé ọmọ náà sókè díẹ̀, yóò sì dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti bàbá bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò tó dá ìkíni náà lóhùn.