Ọmọ Tí Ìyá Mi Rí Lórí Itan Obìnrin Kan

Ọdún méjì gbáko la fi ń pe àìsàn ìyá mi ní ẹ̀bùn. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, torí pé àwọn tó jẹ̀bi ti gbàgbé, èmi náà sì wà lára wọn.

Ìdákẹ́ ló kọ́kọ́ dé. Ìyá mi, aránṣọ tí gbogbo àdúgbò wa ní Ṣógúnlé mọ ohùn rẹ̀, kàn panu mọ́. Ó lè jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ kó má fẹsẹ̀ kàn án. Ọbẹ̀ á jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní gbọ́ òórùn. Tó bá sùn, á máa ta ẹsẹ̀, á máa bá ẹni tí a ò rí jà. Mo ní ọjọ́ ogbó ni. Ẹ̀bi tèmi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn ọmọ mẹ́ta kan lórí àga pálọ̀. Kò bẹ̀rù wọn. Ìwà wọn ló ń bí i nínú.

"Láti àárọ̀, wọn ò kí mi. Ọmọ ta ni wọ́n ná?"

Síbẹ̀, ó bu ìrẹsì sínú abọ́ mẹ́ta. Ó ní ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ náà ń jẹun.

Èmi tí mo kàwé dé yunifásítì ni mo mú un lọ bá wòlíì ìjọ wa. Wòlíì gbọ́, ó wólẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní ojú ẹ̀mí ló là. Wọ́n gbé e kúrò láàárín àwọn ìyá ìjọ lọ sọ́dọ̀ àwọn aríran, akọ̀wé sì ń kọ gbogbo ohun tó bá rí sínú ìwé. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń wọ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní Ẹ̀mí ló ń mì í.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ìyá mi nawọ́ sí obìnrin kan tó ń wá láti Ailegun, tó ti ń wojú Ọlọ́run fún ọmọ tipẹ́. Ó ní òun rí ọmọbìnrin kan lórí itan rẹ̀. Ìjọ hó yèè. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yẹn kò ti lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ mọ́. Ọmọ ti dé, kí ló tún ń wá lọ?

Nígbà tí ìyá mi wá sọ pé èmi kọ́ lọmọ òun, pé ẹnì kan ló gbé ojú mi wọ̀, mo gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà àkọ́kọ́ kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní wèrè ni, tó ní kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tí á mú un rọlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìyá mi fi gan bí igi, tí kò lè dá itọ́ mì. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wá títí dòní.

Dókítà kejì, obìnrin àgbà kan, ló béèrè nípa oorun rẹ̀, nípa òórùn, nípa ìdákẹ́. Ó ní àìsàn ọpọlọ ni, ẹbí èyí tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, pé àwọn àmì yẹn máa ń ṣáájú kí iyè tó rà. Kò ní lọ tán, ṣùgbọ́n oògùn wà tí á tù ú lára, irú abẹ́rẹ́ ọjọ́sí kò sì gbọdọ̀ kàn án mọ́.

Oògùn náà là á lójú díẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un.

"Tí kò bá sí ọmọ kankan, kí ni mo wá sọ fún obìnrin yẹn?"

Mo ka àwọn tó jẹ̀bi fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹnu wọn kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, kí n mú òun lọ bá obìnrin náà.

Nígbà tí a délé rẹ̀, obìnrin náà fún wa lómi. Ìyá mi fẹ́ kúnlẹ̀, obìnrin náà yára dì í mú.

"Ọmọ mi, ojú mi ló ń ṣàìsàn. Mi ò rí nǹkan kan lórí itan rẹ. Padà sí ọsibítù."

"Mọ́mì, ẹ̀yin nìkan lẹ rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo ti kọ̀wé ẹ̀sùn sí ilé ìwòsàn àkọ́kọ́, mo ti kọ sí ìjọ. Èyí tí mo gbọ́ yìí, mi ò mọ ẹni tí mo lè kọ ọ́ sí. Obìnrin náà sìn wá dé títì, ó ń rọra rìn kí ẹsẹ̀ ìyá mi lè bá tirẹ̀. Kò sọ bóyá òun á padà sí ọsibítù. A ò lè bi í.