Bàbá Olókè àti Òkè Ẹ̀yìnkùlé Wọn

Kò sẹ́ni tó mọ olóògbé Bàbá Olókè, ayàwòrán, tí kò mọ ọ̀rọ̀ òun àti dókítà eyín. Dókítà ní kí ó ya àwòrán òun, kí òun gbé e kọ́ síbi táwọn aláìsàn ń jókòó sí. Nígbà tí Bàbá Olókè ká aṣọ kúrò lójú àwòrán, òkè ràgàjì kan ló yọ, odò ń ṣàn níwájú rẹ̀.

"Bàbá, èmi wá dà?"

"Ẹ̀yin nìyẹn létí odò."

"Èyí tó rí bí èèrà yìí?"

"Ọ̀nà ló jìn, dókítà. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wálé ni."

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó gbé e kọ́ lóòótọ́. Àwọn tí eyín ń dùn wá ń fi ojú wá dókítà kiri inú àwòrán, wọ́n sì ń gbàgbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú.

Ẹ̀yìnkùlé ilé tí wọ́n bí Bàbá Olókè sí ni òkè náà wà. Kò tíì hu irùngbọ̀n tó fi kúrò nílé, àmọ́ kò sí ohun tó yà láyé rẹ̀ tí òkè yìí kò yọjú sí. Ìyàwó tuntun ní kí ó ya òun, òkè yọrí léjìká rẹ̀ bí ẹni ń yọ́ tẹ́tí. Apẹja ní kí ó kọ orúkọ sára ọkọ̀, òkè bá orúkọ du àyè, orúkọ ló pàdánù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, nìkan ló ń bá a jiyàn. "Téèyàn bá jáde lẹ́yìnkùlé, ọwọ́ òsì ni òkè wà."

"Ọ̀tún ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ orí ti ń mú yín gbàgbé."

Iyàn náà le débi pé àwọn méjèèjì wọkọ̀ lọ sílé bàbá wọn. Wọ́n jáde lẹ́yìnkùlé. Òkè wà lọ́wọ́ òsì gbagidi. Bàbá Olókè wò ó títí, ó ní, "Wọ́n ti yí ojú ilé yìí síbòmíràn."

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a sì bá a di ọrùn ọwọ́ mú kí búrọ́ọ̀ṣì lè dúró. Obìnrin náà ní kí ó gbé òkè sọ́wọ́ òsì, ó gbé e síbẹ̀ láìjanpata. Ó ní kí ó fi igi kan sí i, ó fi sí i. Àyà obìnrin náà já. Irú ìgbọràn wo rèé? Ló bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. "Ẹ̀yìn òkè ni odò gbà. Àbí o ti gbàgbé ni?"

Búrọ́ọ̀ṣì dúró. Bàbá Olókè rọra yí ojú sí i. "Ibo lẹ wá ti ń pọnmi nígbà náà? Iwájú ni."

"Ẹ̀yìn ni."

"Iwájú ni, mo ní."

Wọ́n jiyàn náà títí oúnjẹ fi tutù lórí tábìlì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò fi ọrùn ọwọ́ náà sílẹ̀.